Ohùn Tí Àǹtí Láíbìrì Tú Síta

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá wa. Ó ní ká má dárúkọ òun, ṣùgbọ́n ká má bo ẹ̀bi òun mọ́lẹ̀ rárá. A ò ní bò ó. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè é làwa náà máa pè é: Àǹtí Láíbìrì.

Ilé ìkàwé ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọmọge rẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ọdọọdún ni wọ́n ń mú òṣìṣẹ́ kan lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá ní ìlú mìíràn, ọdọọdún náà ni wọ́n sì ń fò ó dá. Àwọn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ti lọ, wọ́n ti bọ̀, wọ́n ti di ọ̀gá lé e lórí. Ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta kò lè lọ mọ́. Ọdún kan ṣoṣo yìí ló kù fún un.

Kò ráhùn sí ẹnikẹ́ni létí. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ń ya fọ́tò ìdágbére fún ẹni tó ń lọ, orí a bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ.

Nǹkan kan wà ní ilé ìkàwé náà tó jẹ́ tirẹ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, nínú yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó ìwé ògbólógbòó sí, ó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀wé kà. Wọn ò lẹ ìkéde rẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbé ìdọ̀tí gbà ni àwọn tó ń wá máa ń gbà wọlé, kọ́tìnì á sì ti bo fèrèsé kí wọ́n tó dé. Ẹnikẹ́ni kì í sọ orúkọ rẹ̀, ìnagijẹ ni kálukú ń fún ara rẹ̀. Onídìrí kan ní Ayaba lòun. Ọkùnrin kan tó ń nu ilẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì ní kí wọ́n máa pe òun ní Gómìnà. Bàbá onírun funfun kan, tó ń fi bọ́ọ̀sì gbé àwọn ọmọ lọ sí iléèwé, ní Páílọ́ọ̀tì lòun.

"Ọkọ̀ òfuurufú yín dà, bàbá?" Ayaba bi í.

"Ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì," bàbá dáhùn, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Àǹtí dá àṣà kan sílẹ̀ nínú yàrá yẹn. Lọ́jọ́ tí èèyàn bá kọ́kọ́ dé, á gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù níbi tó ti ń tiraka láti ka ìlà mélòó kan, tó sì ń sọ ìdí tó fi wá. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí onítọ̀hún bá ka odidi ìwé kan tán, òun àti Àǹtí á jọ jókòó, wọ́n á gbọ́ bó ṣe ń kólòlò lọ́jọ́ kìíní, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, akẹ́kọ̀ọ́ á wá fi ìka ara rẹ̀ pa á rẹ́.

"Ọ̀rọ̀ inú yàrá yìí kì í jáde," ni Àǹtí máa ń wí. Torí gbólóhùn yẹn ni wọ́n ṣe ń wá.

Nínú gbogbo wọn, àṣírí Páílọ́ọ̀tì ló wúwo jù. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀ pé kò mọ̀wé kà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra sọ́nà ló ti sọ fún un pé ojú ń dun òun, pé lẹ́tà wẹ́wẹ́ máa ń mú ojú òun ṣomi. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà, ó gbà á gbọ́, ó sì ń bá a mú oògùn ojú bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Lálaalẹ́, á kán an sí i lójú, á ṣí ìwé ìròyìn, á sì kà á sókè fún ọkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Bó bá gbọ́ báyìí, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó?" Páílọ́ọ̀tì bi Àǹtí lọ́jọ́ kìíní. "Bí àwọn iléèwé náà bá sì gbọ́, wọ́n á gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi. Wọn ò ní bi mí bóyá mo mọ àmì ojú títì. Mo sì mọ̀ wọ́n, gbogbo wọn ni mo mọ̀."

"Kí lẹ wá fẹ́ gan-an, bàbá?"

"Mo fẹ́ gba ìwé ìròyìn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Kí n ní, 'Ìyá àwọn ọmọ, sinmi, ó kàn mí.' Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn."

Gbogbo èyí ni fóònù Àǹtí gbà sílẹ̀.

Ìgbà tó yá ni ọ̀gá wọn ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin náà kì í gbójú kúrò nínú ife tíì rẹ̀ bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin méjì ni orúkọ yín wọlé fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún yìí," ó ní. "Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé."

"Mo dúpẹ́, sà."

"Má tíì dúpẹ́. Àwọn ìgbìmọ̀ tó máa yan ẹni tó ń lọ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ yín ní gbọ̀ngàn, a sì máa pe àwọn ará ìlú. Ètò ìkàwé ìgbà ìsinmi ti ọ̀rẹ́ rẹ, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń wá síbẹ̀. Wọ́n á gun orí ìtàgé, wọ́n á kàwé, wọ́n á kọrin, àwọn òbí á máa ya fọ́tò. Ìwọ ńkọ́? Kí lo ní tí wọ́n máa rí?"

"Wọn ò lè rí àwọn èèyàn mi, sà. Mo ti ṣèlérí fún wọn."

Ọ̀gá fi ṣíbí po tíì rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Ó dáa. Kí ni wọ́n máa gbọ́?"

Ìbéèrè yẹn bá Àǹtí délé. Ó bá a dé ìdí iná, ó bá a dórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ṣe máa ń ronú. Orúkọ ni wọ́n ń ṣọ́. Bí ọkọ bá wá béèrè ìwé tí ìyàwó rẹ̀ yá, wọn ò ní sọ fún un. Bí ọlọ́pàá bá wá, wọ́n á ní kó lọ mú ìwé àṣẹ wá. Gbogbo ọjọ́ ayé Àǹtí ló fi ṣọ́ orúkọ àwọn èèyàn, ó sì wá rò ó pé níwọ̀n ìgbà tí òun ò bá ti dárúkọ, tí òun ò fi àwòrán hàn, òun ò tíì tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ọgbọ́n tí èèyàn gidi máa ń rí dá nígbà tó bá ti mọ ibi tó fẹ́ lọ.

Ó gbọ́ ohùn Ayaba, ẹ̀rín ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ó gbọ́ ti Gómìnà, ìyẹn ń sọ̀rọ̀ sínú. Ó gbọ́ ti Páílọ́ọ̀tì, omijé sì bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ti rí i.

Nígbà tó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ ife, ìyẹn pa omi ẹ̀rọ.

"Ṣé o ti bi bàbá náà?"

"Mi ò ní dárúkọ rẹ̀."

"Èmi ò sọ ti orúkọ. Mo ní ṣé o ti bi í?"

"Torí kí n má baà lọ lo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀," Àǹtí ní.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dojú ife rẹ̀ délẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà ni ìkíni wọn ti di ti ọ́fíìsì.

Àyè tún yọ fún un láti ṣe ohun tó tọ́. Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ń bọ̀, Páílọ́ọ̀tì dúró sẹ́yìn nígbà tí àwọn yòókù lọ. Ó ti ka odidi ojú ìwé kan láìdúró lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ ń dùn bí ti ọmọdé, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹ̀yìn ìwé náà.

"Àǹtí, ohùn mi ọjọ́sí yẹn, ó ṣì wà lọ́wọ́ yín?"

"Ó wà, bàbá."

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Ó kù díẹ̀ kí n débẹ̀. Ẹ bá mi dì í mú."

Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu Àǹtí. Ì bá sọ ọ́, bàbá ì bá kọ̀, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn, kí bàbá má lọ kọ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní.

Ó bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn pé ìwé kíkà nìkan lòun máa jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Bó bá ti kan ibi ọ̀rọ̀ ojú àti ti ìyàwó, òun á dá a dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ dé, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní kó fi ohùn náà sórí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn kó lè dún ketekete. Ó fi í síbẹ̀.

Àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gun orí ìtàgé. Wọ́n kàwé, wọ́n kọrin, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Àǹtí ń wo àwọn ìgbìmọ̀, ó rí i pé alága wọn, obìnrin onígò ojú nínípọn kan, ń rẹ́rìn-ín ó sì ń kọ nǹkan sílẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́.

Kó tó kàn án, ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, wọ́n jókòó sí ìlà kejì. Ilé ìwòsàn ló rán wọn wá, torí ilé ìkàwé máa ń fún àwọn abiyamọ tuntun ní ìwé níbẹ̀.

Àǹtí rántí ìyàwó Páílọ́ọ̀tì. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì mélòó ló wà ní ìlú yìí, ó bi ara rẹ̀. Ṣé gbogbo wọn náà ni ìyàwó awakọ̀? Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó dìde, ó lọ sí ìdí kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ bọ́tìnì.

"I... ilé... ilé wa... ní... fè... fèrè..."

Ohùn àgbàlagbà náà ń fọwọ́ wá ọ̀nà láàárín lẹ́tà, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Alága bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Ọ̀gá gbé ife tíì sílẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí.

Ibi tó yẹ kó ti dá a dúró dé. Ìka Àǹtí wà lórí bọ́tìnì. Ó wo ojú alága, ó rí omi tó ń kó jọ síbẹ̀. Ó gbé ìka kúrò.

"Ìyàwó mi rò pé ojú ló ń dùn mí," ni ohùn náà ń sọ. "Nọ́ọ̀sì ni. Ó ń kán oògùn sí i fún mi lálaalẹ́. Omi tó máa ń jáde lẹ́yìn ìgbà náà, kì í ṣe oògùn nìkan."

Nọ́ọ̀sì kékeré kan ní ìlà kejì rẹ́rìn-ín, ó fi ìgúnpá gún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Mà, ẹ ò gbọ́ ohùn yìí? Ó mà jọ ti bàbá àwọn ọmọ yín."

Nọ́ọ̀sì àgbà tó bá sọ̀rọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́, ó di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀ mú.

"Òun ni," ó ní.

Kò pariwo. Àmọ́ kò sí ariwo kankan nínú gbọ̀ngàn tó lè bo ọ̀rọ̀ náà, gbogbo èèyàn ló gbọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà ò sì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ: "Bí àwọn iléèwé náà bá sì gbọ́, wọ́n á gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi..." Àǹtí wá bọ́tìnì, kò rí i mọ́. Ó fa wáyà yọ.

Lẹ́yìn, níbi tí àwọn òbí jókòó sí, ó gbọ́ obìnrin kan tó ń bi ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ṣé bàbá tó ń gbé àwọn ọmọ wa ni?"

Nọ́ọ̀sì àgbà mú báàgì rẹ̀. Bó ṣe ń kọjá lọ, ó dúró síwájú Àǹtí.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ẹ jọ̀wọ́, mà..."

"Mo ní láti ìgbà wo."

"Láti ìgbà òjò, mà."

"Láti ìgbà òjò," obìnrin náà tún un sọ, bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí gbogbo alẹ́ tó wà láàárín rẹ̀. Ó sì jáde.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìgbìmọ̀ kéde pé Àǹtí Láíbìrì ló ń lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, iléèwé ti gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ Páílọ́ọ̀tì. Bàbá tí kò fi ọkọ̀ gbá ajá rí. Wọ́n ní àwọn òbí ò gbà. Nígbà tí Ọjọ́rú dé, Àǹtí fa kọ́tìnì, ó to àga, ó jókòó. Ẹnikẹ́ni ò gba ẹnu ọ̀nà ìdọ̀tí wọlé. Gómìnà kò wá, kò sì sọ ìdí. Àǹtí lọ bá Ayaba ní ṣọ́ọ̀bù. Irun wà lọ́wọ́ onídìrí náà, kò sì gbójú sókè.

"Àǹtí, kí lẹ ṣe sí tèmi?"

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ. Mo fi..."

"Ẹ mú fóònù yín wá. Ẹ pa á rẹ́ níṣojú mi."

Ó pa á rẹ́. Ayaba ní "ẹ ṣé," ó sì yíjú padà sí orí ẹni tó ń dì.

Ìgbà tí kò lè jẹun mọ́ ló tó gba ilé Páílọ́ọ̀tì lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà ló ṣílẹ̀kùn. Àga méjì wà ní pálọ̀, wọ́n súnmọ́ra, iná kan ṣoṣo wà láàárín wọn. Bàbá jókòó sórí ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Kò tíì sí ẹni tó rí i láìwọ yunifọ́ọ̀mù awakọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀sán rí.

Àǹtí kúnlẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ dìde," obìnrin náà ní. "Pé kò mọ̀wé kọ́ ló ń dùn mí. Èmi ì bá ti kọ́ ọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú gbọ̀ngàn, láàárín àlejò, ni mo ti mọ ọkọ mi." Ó wọ yàrá lọ, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Bàbá wo ilẹ̀kùn náà. "Kì í kàwé sókè mọ́," ó ní. "Ó ń kà á sínú. Mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí i."

"Bàbá, ẹ dárí jì mí."

"Ohùn yẹn. Ó ṣì wà?"

Àǹtí fa fóònù yọ, ó fi ibi tó máa tẹ̀ hàn án. Bàbá gbé e súnmọ́ ojú, ó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó sì tẹ̀ ẹ́.

"Ó tán?"

"Ó tán, bàbá."

"Kò sí níbòmíràn?"

"Kò sí níbòmíràn," ni Àǹtí dáhùn. Ó gbà lóòótọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò tilẹ̀ rántí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn.

Ó fẹ́ kọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà sílẹ̀. Ọ̀gá ní, "Bó o bá kọ̀ ọ́, ṣé ìyẹn á dá bọ́ọ̀sì padà fún un?" Ká má purọ́, ó wu Àǹtí náà láti lọ. Ó di ẹrù rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé láti oríṣiríṣi ìlú kún inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ náà, kálukú pẹ̀lú káàdì orúkọ ní àyà. Olùkọ́ wọn, obìnrin pẹ̀lẹ́ kan tó fa ṣáálì mọ́ èjìká, ní kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀, òun fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ìdí tí iṣẹ́ àwọn fi wúlò. Ó tẹ kọ̀ǹpútà.

"I... ilé... ilé wa... ní..."

Àǹtí jókòó, ó gbọ́ ọ dé òpin, ti ojú, ti oògùn, ti bọ́ọ̀sì, ti ìwé ìròyìn. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń fi áńkáṣífù nu ojú.

"Ẹni tó gba ohùn yìí wà láàárín wa," olùkọ́ ní. "Àǹtí, ẹ dìde ká rí yín. Bàbá náà ńkọ́? Ṣé ó ti mọ̀ ọ́n kà?"

Wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ kó tó dìde tán.

"Kò wá mọ́," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ń wá mọ́. Wọ́n gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fún mi láṣẹ, mi ò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pa á rẹ́."

Àtẹ́wọ́ náà ń dínkù lọ́wọ́ lọ́wọ́, títí ó fi ku ti ẹnì kan lẹ́yìn tí kò gbọ́ dáadáa.

Nígbà ìsinmi, olùkọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo máa pa á rẹ́ níbí, mo ṣèlérí. Àmọ́ ìgbìmọ̀ yín ló fi ránṣẹ́ sí wa, àwa náà sì ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ìkàwé tó ní kí a fún àwọn ní ohun èlò ìkọ́ni. Wọ́n pọ̀. Mi ò sì mọ àwọn tí wọ́n tún fi fún."

Láti ìgbà náà ni Àǹtí ti ń kọ̀wé sí wọn. Àwọn kan fèsì pé àwọn ti pa á rẹ́, àwọn mìíràn ò fèsì rárá. Kò tíì lè sọ fún Páílọ́ọ̀tì. Kó tó wá bá wa ni ilé ìkàwé kan dá a lóhùn, ní ìlú tí kò dé rí. Ọ̀rọ̀ wọn tutù, wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n ní àwọn ò lè yọ ọ́, torí ohùn náà làwọn fi ń kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun káàbọ̀ kí ojú má baà tì wọ́n. Wọ́n wá ní kó bá àwọn kí bàbá náà dáadáa, pé gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló ti mọ ohùn rẹ̀.